Agbaṣẹ́ṣe ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ rẹ̀

Inú mi dùn sí ìdánwò tí ìlú yìí ń ṣe, kí fóònù máa ta aráàlú lólobó bí iṣẹ́ ojú pópó bá fẹ́ dí ọ̀nà. Àmọ́ ta ló ń fi ìròyìn sínú ẹ̀rọ náà? Google Maps àti Waze, àwọn ètò orí fóònù tó ń júwe ọ̀nà, ń mọ̀ pé ọkọ̀ ń wọ́ nítorí pé fóònù àwọn awakọ̀ ló ń sọ fún wọn. Wọn ò lè mọ̀ pé wọ́n máa ti ọ̀nà lọ́la, àfi tí ẹnì kan bá sọ ọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn iṣẹ́ pé agbaṣẹ́ṣe gbọ́dọ̀ fi gbogbo àyípadà ránṣẹ́ lójú ẹsẹ̀, kódà bí òjò bá sún iṣẹ́ síwájú. Bí ìkìlọ̀ bá ń já sí irọ́, àwọn èèyàn á pa á lórí fóònù wọn ni. Ẹ fi SMS kún un o, gbogbo èèyàn kọ́ ló ní fóònù ńlá.