Ẹ̀fíkò Orí Sítétọ́ọ̀sì

Tí ìdánwò bá ti ń kanlẹ̀kùn, ẹ gba Under G kọjá láago méjìlá òru níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ máa rí i tí fèrèsé gbogbo họ́sítẹ́ẹ̀lì ń tàn yanran, ẹ má wulẹ̀ rò pé àwọn oníná ló ṣàánú wa, iná fóònù ni jàre. Àwọn ọmọ yín ń kàwé ni. Wọ́n ń ṣe TDB, wọn ò ní í sùn títí ilẹ̀ á fi mọ́, kò sì sí ìwé kankan nílẹ̀, fóònù ni, páwà báńkì, àti gààrí.

Ẹ̀fíkò ìgbà tiwa, tẹ́ ẹ bá bi í, á ní òun ò tíì ka nǹkan kan, irọ́ ló ń pa, ó ti kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Tòde òní á ní òun ń kà á lọ́wọ́, irọ́ náà ni. Kí ojú ẹ̀ tó kan ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú PDF yẹn, screenshot ló máa kọ́kọ́ ṣe: ojú ìwé 1 nínú 214, aago 1:47 òru hàn gbangba lókè, bátìrì ku 9%, á gbé e sórí sítétọ́ọ̀sì WhatsApp ẹ̀, á kọ ọ́ síbẹ̀ pé «Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká ṣiṣẹ́ àṣedànù». Ibẹ̀ ni iṣẹ́ gangan wá bẹ̀rẹ̀, ìyẹn kó máa ṣọ́ àwọn tó wò ó. Gbogbo ayé ti wò ó, àǹtí ẹ̀ ní Ìséyìn ti ṣàdúrà sí i, ọmọ tó tìtorí ẹ̀ gbé e síbẹ̀ ò wò ó. Ó di dandan kó tún ya òmíì.

Àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ òkèèrè ti bá wa wádìí ohun tó ń gbé àwọn èèyàn báyìí ṣiṣẹ́. Lọ́dún 1989, Fred Davis ní Amẹ́ríkà sọ pé kéèyàn tó gba ẹ̀rọ tuntun lò, á ti gbà pé ó wúlò fún òun, á sì ti gbà pé kò ní í fún òun ní wàhálà. Nígbà tó di 2001, Anol Bhattacherjee ní bíbẹ̀rẹ̀ lọ́tọ̀, bíbá a lọ lọ́tọ̀, ẹni tó bá ohun tó retí níbẹ̀, tínú ẹ̀ dùn sí i, tó ṣì rí i pé ó wúlò, ìyẹn ló máa bá a lọ. Ọ̀rọ̀ gidi ni, mi ò bá wọn jà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ṣì ń fi ṣe project títí dòní, wọ́n á pín fọ́ọ̀mù kiri, «Inú mi dùn sí kíkàwé lórí fóònù», ẹni tí wọ́n fún á sì máa tẹ «mo fara mọ́ ọn gan-an» látòkè délẹ̀ láìkà á, nítorí kó lè tètè padà sórí TikTok.

Inú dídùn kẹ̀? Ìbẹ̀rù ni! Aago mọ́kànlá alẹ́ ni course rep, aṣojú kíláàsì, máa já wọ gúrúùpù WhatsApp, «Ẹ̀yin èèyàn mi, bàbá ní tẹ́ẹ̀sì wà láago mẹ́jọ àárọ̀ o», á wá ju hándáòtù sílẹ̀. Ẹ wá wo hándáòtù ọ̀hún. Ẹnì kan ló fi fóònù ya ìwé ẹlòmíì, ó yà á ní wẹ́gẹ́wẹ́gẹ́, òjìji orí ẹ̀ bo ìlàjì, ibi tí ìdáhùn ìbéèrè kẹrin sì wà gan-an, àtàǹpàkò ẹni tó ń yà á ló jókòó síbẹ̀, èékánná ẹ̀ ò sì mọ́. Ọgọ́rùn-ún méjì ọmọ ló ń fa àtàǹpàkò yẹn tóbi pẹ̀lú ìka méjì lóru, bóyá wọ́n á rí nǹkan lábẹ́ ẹ̀. Tílẹ̀ bá mọ́ wọ́n á tú u sórí pépà, wọ́n á gbàgbé ẹ̀. La cram, la pour, la forget.

Ẹlòmíì sì wà tó jẹ́ ẹyẹ ló ń lé e. Duolingo ni mò ń sọ, èyí tó ń fi òwìwí aláwọ̀ ewé ṣàmì. Tó o bá kọ́ èdè níbẹ̀ lójoojúmọ́, wọ́n á máa kà á fún ẹ, tó o bá fo ọjọ́ kan, òǹkà lè padà sí òdo. Ọmọ Ajílété, tí bàbá ẹ̀ máa wá òkò tó bá gbọ́ òwìwí lórí òrùlé, òun ni òwìwí ń pè lálaalẹ́ tó sì ń jẹ́ ẹ! Kò mọ ẹni tó ń sọ èdè Sípéènì láti Tákíè dé Ilọrin, ṣùgbọ́n ó ti lè sọ pé ọmọkùnrin náà jẹ ápù. Ó dáa, ta ló fẹ́ sọ ọ́ fún?

Mo ṣáà rí ẹnì kan tó ń kà á lóòótọ́. Ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ṣájì fóònù ni, níbi tí ẹ̀kísítẹ́ńṣọ̀n ti so mọ́ ẹ̀kísítẹ́ńṣọ̀n, tí fóònù tò kalẹ̀ tí wọ́n fi pépà lẹ nọ́ńbà mọ́ wọn lẹ́yìn. Ọmọbìnrin náà jókòó ti fóònù ẹ̀ torí pé wáyà ò gùn, ojú fóònù náà ti fọ́ bí ojú agbárá, ó ń wo fídíò ìṣirò ní 144p, ó ń dá a dúró, ó ń kọ ọ́ sínú nóòtù. Òru ló fi dátà ọlọ́pọ̀ wà á sílẹ̀, nítorí láti oṣù kìíní 2025 tí NCC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó àwọn iléeṣẹ́ fóònù, ti gbà kí wọ́n fi tó 50% lé owó ìpè àti dátà, dátà ọ̀sán ti di ti olówó. Mo bi í pé ṣé kò ní í gbé e sórí sítétọ́ọ̀sì ni.

Ó ní, «Ẹ̀gbọ́n, ó máa jẹ dátà.»

Ẹ̀fíkò kan tó wá gba páwà báńkì ẹ̀ nawọ́ sí nóòtù ọmọbìnrin yẹn, ó ní àǹtí ẹ jọ̀ọ́, kí òun kàn ya ibi tó kún yìí, òun ò ní í pẹ́. Ọmọ yẹn ò gbójú sókè, ó ní igba náírà lójú ìwé kan.

Ó sì sanwó méjì.