Owó oúnjẹ tí mo sè, kóòtù ló bá mi gbà á

"A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́." Màmá mi sọ ọ́ fún mi. Pásítọ̀ wa sọ ọ́. Ẹni tó jẹ mí lówó náà tún kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ẹ jọ̀ọ́, ọjọ́ tí ènìyàn kó oúnjẹ mi fún àlejò jẹ, tó wá ń gé fóònù mọ́ mi létí nígbà tí mo ń béèrè owó, ṣé ọjọ́ yẹn kọ́ ni ọ̀rẹ́ bàjẹ́? Kí ni kóòtù fẹ́ bà jẹ́ mọ́?

Oúnjẹ òde ni mo ń sè, ní Ìkòròdú. Ìyáàfin kan gbé ìnáwó òkú ìyá rẹ̀ fún mi. Ó san ìdajì, ó ku ₦680,000. Àwìn ni mo fi ra ìrẹsì àti ata tí mo fi sè é, nítorí náà bí kò ṣe san tèmi, èmi náà ń sá fún àwọn ìyá ọjà ní Sábó. Oṣù márùn-ún gbáko!

Ẹ̀gbọ́n mi ní ká gbé ọlọ́pàá tì í. Mo kọ̀. Abala 32 nínú òfin ọlọ́pàá ti ọdún 2020 sọ ọ́ kedere pé wọn kò gbọ́dọ̀ mú ènìyàn kìkì nítorí àdéhùn tó yẹ̀. Gbèsè kì í ṣe olè.

Ilé ẹjọ́ tí wọ́n ń pè ní Small Claims ni mo lọ. Láti oṣù kẹrin ọdún 2018 ló ti wà ní ìpínlẹ̀ Èkó, lọ́dọ̀ àwọn májísíréètì. Gbèsè tí iye rẹ̀ dájú ni wọ́n ń gbọ́, tí kò sì ju mílíọ̀nù márùn-ún náírà lọ. Bí ilẹ̀ lẹ ń jà sí, tàbí ẹnì kan bú yín, ibẹ̀ kọ́. Ẹ kò nílò lọ́yà. Èmi fúnra mi ni mo dúró, tí mo fi ẹnu ara mi rojọ́.

Ohun tó kọ́kọ́ dá mi padà nílé ni lẹ́tà. Ẹ gbọ́dọ̀ ti kọ ìwé fún onígbèsè pé ẹ fẹ́ gba owó yín, kí ẹ sì ní ẹ̀rí pé ó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Gbogbo ìpè tí mo ti pè é lórí fóònù, wọn kò kà á sí lẹ́tà. Èkejì ni orúkọ. "Ìyá Olókùú Ìgbógbó" ni mo fi orúkọ rẹ̀ pamọ́ sí nínú fóònù mi! N kò mọ orúkọ bàbá rẹ̀, n kò mọ nọ́ńbà ilé rẹ̀. Ta ni bélífù, òṣìṣẹ́ kóòtù tó ń jíṣẹ́ ìwé ìpè, fẹ́ mú ìwé lọ bá?

Ọjọ́ méje ni wọ́n fún bélífù láti fi ìwé ìpè jíṣẹ́, onígbèsè náà sì ní ọjọ́ méje láti fèsì. Tèmi ń sá pamọ́, àfìgbà tí kóòtù ní kí wọ́n lẹ ìwé náà mọ́ géètì rẹ̀. Ìlànà ní kí ẹjọ́ parí láàárín ọgọ́ta ọjọ́. Tèmi lé ní oṣù mẹ́ta. Ẹ fi sọ́kàn bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá sì dá fún yín, ẹ má pa á jẹ, nítorí bí ẹni tó pẹjọ́ kò bá yọjú, wọ́n lè da ẹjọ́ náà nù. Mo ní iṣẹ́ ní Ẹ̀pẹ́ lọ́jọ́ kan, ọmọ iṣẹ́ mi ni mo ní kó lọ sè é.

Ẹ̀rí tó ràn mí lọ́wọ́ jù kì í ṣe ìwé ìṣirò tí mo kó lọ. Gbólóhùn kan ni, èyí tí òun fúnra rẹ̀ kọ sí mi: "Ẹ fún mi di ìparí oṣù." Ẹni tí kò jẹ gbèsè kì í bẹ̀bẹ̀ ọjọ́. Ẹ má pa irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rẹ́ o, bí inú ti wù kó bí yín tó.

Májísíréètì kọ́kọ́ béèrè bóyá a lè parí rẹ̀ ní ìtùnbí-ìnùbí. Mo fẹ́ kọ̀, inú ń bí mi gidigidi. Ṣùgbọ́n ìdájọ́ kì í ṣe owó. Ìyá àgbà mi máa ń sọ nípa ológò ayé àtijọ́, tó máa ń lọ dógò ti onígbèsè nílé, tí á máa kó adìyẹ wọn pa jẹ títí ẹbí á fi wá owó náà. Lónìí, kóòtù lè gbẹ́sẹ̀ lé ẹrù onígbèsè tàbí owó rẹ̀ ní báńkì, àmọ́ ẹ̀yin lẹ máa tún padà lọ béèrè fún un, ẹ sì gbọ́dọ̀ mọ ibi tí owó náà wà. Álẹ́ẹ̀tì ìdajì tó kọ́kọ́ san ni mo fi mọ báńkì rẹ̀. Mo gbà kó san án lẹ́ẹ̀mẹta, a sì fọwọ́ sí i níwájú kóòtù.

Ó san án tán. Lóṣù tó kọjá, a pàdé ní Sábó. Ó kí mi, mo dáhùn, mo sì béèrè àwọn ọmọ rẹ̀.