Ẹbí tí ó bá aláìsàn wọ yàrá dókítà kò lè rọ́pò abánidúró

Ìgbàgbọ́ kan fẹsẹ̀ múlẹ̀ láàárín wa ní Kétu, ní Àjàṣẹ́ àti ní Ṣábẹ ní orílẹ̀-èdè Benin, pé bí ìyá, ọkọ tàbí ọmọ bá ti bá aláìsàn wọ yàrá àyẹ̀wò, kò sí ohun tí a tún ń fi abánidúró, ìyẹn nọ́ọ̀sì tàbí agbẹ̀bí tí ó ń dúró ti aláìsàn, ṣe níbẹ̀ nígbà tí dókítà bá fẹ́ yẹ kọ́lọ́fín ara wò. Àwọn kan tilẹ̀ gbà pé ńṣe ni òṣìṣẹ́ kejì yẹn wá wòran ìhòòhò ẹni. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, títí di ọjọ́ tí mo mú àbúrò ìyá mi lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Kétu.

Faransé nìkan ni dókítà náà gbọ́, èmi ni mo sì ń túmọ̀. Bí agbẹ̀bí ṣe fa aṣọ ìkélé, tí ó wá dúró sí ìgbèrí bẹ́ẹ̀dì, ni àbúrò ìyá mi di ìró wọn mú ṣinṣin, tí wọ́n ní, "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ní kí obìnrin yìí jáde, ọmọ mi ti wà níbí." Agbẹ̀bí, tí ó gbọ́ Yorùbá, fi ohùn tútù dá wọn lóhùn pé, "Ìyá, ẹ má bínú. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yín dúró síta díẹ̀, èmi ni n ó dúró tì yín." Mo jáde, inú mi kò sì dùn. Orí zémídjan tí a gùn padà sílé ni wọ́n ti sọ fún mi pé ó ti pé oṣù mẹ́ta tí ẹ̀jẹ̀ ti ń yọ lára wọn, lẹ́yìn ọdún púpọ̀ tí nǹkan oṣù wọn ti dáwọ́ dúró, àti pé ìgbà tí mo jáde ni wọ́n tó lè la ẹnu sọ ọ́. Ṣé ẹnu èmi tí wọ́n pọ̀n sẹ́yìn ni irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ yóò gbà dé etí dókítà?

Ìtìjú kọ́ ni ó burú jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní Amẹ́ríkà, Larry Nassar, dókítà tí ó ń tọ́jú àwọn ọmọbìnrin eléré ìdárayá, ba ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ nígbà tí ìyá tàbí bàbá wọn jókòó sínú yàrá kan náà. Ó máa ń dúró lọ́nà tí ara rẹ̀ yóò fi dí òbí lójú, òbí tí kò kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn kò sì lè mọ ibi tí àyẹ̀wò parí sí tí ìwà ìkà ti bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2018, ó lé ní 150 obìnrin àti ọmọbìnrin tí ó dúró ní kóòtù Michigan láti sọ ohun tí ojú wọn rí, adájọ́ sì rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 40 sí 175. Mi ò dá àwọn òbí wọ̀nyẹn lẹ́bi rárá. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, ṣùgbọ́n ojú tí kò mọ ohun tí ó yẹ kí ó rí kò lè ṣọ́ nǹkan.

Ìdí nìyí tí General Medical Council, ìgbìmọ̀ tí ó ń ṣàkóso àwọn dókítà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi là á kalẹ̀ pé òṣìṣẹ́ ìlera ni ó yẹ kí abánidúró jẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà, ẹni tí ó mọ bí àyẹ̀wò náà ṣe ń lọ, tí ó dúró sí ibi tí ó ti lè rí ohun tí dókítà ń ṣe. Ẹbí lè wà níbẹ̀ pẹ̀lú bí aláìsàn bá fẹ́, ṣùgbọ́n wọn kì í kà á sí ẹni tí kò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Ìlànà yìí kò yọ dókítà obìnrin tí ó ń yẹ obìnrin wò sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Faransé tí mo pè ní abánidúró níhìn-ín, chaperon, tí a fi ń pe àgbàlagbà obìnrin tí ó ń tẹ̀lé wúńdíá lọ sóde, ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì yá fún àwọn purotéènì kan nínú ara, èròjà tí ó dà bí okùn tí ó ní láti ká kí ó tó lè ṣiṣẹ́. Ron Laskey àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ lò ó bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1978, fún purotéènì kan tí wọ́n rí nínú ẹyin ọ̀pọ̀lọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé abánidúró yìí ni ó ń mọ purotéènì yòókù bí amọ̀kòkò ṣe ń mọ ìkòkò. Kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí Christian Anfinsen, tí ó gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1972, ti fi hàn pé inú bí àwọn ẹ̀yà okùn purotéènì fúnra rẹ̀ ṣe tò tẹ̀lé ara wọn ni ìrísí rẹ̀ ti ń wá. Ewu ibẹ̀ ni pé purotéènì tí kò tíì ká tán máa ń lẹ̀ mọ́ àwọn tí ó jọ ọ́, tí gbogbo wọn yóò sì ṣe kókó bí àmàlà tí ọwọ́ kò rò dáadáa. GroEL, abánidúró kan nínú kòkòrò àìfojúrí, dà bí ìkòkò tí ó ní ìdérí: purotéènì kan ṣoṣo wọ inú rẹ̀, ìdérí bò ó fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 10, ó ń ká ara rẹ̀ níbi tí ẹgbẹ́ rẹ̀ kò ti lè lẹ̀ mọ́ ọn, ìdérí ṣí, ó jáde. Abánidúró kò bá a lọ.

Aláìsàn lè sọ pé òun kò fẹ́ abánidúró, kí dókítà sì kọ ìyẹn sínú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀. Ó sì lè bèèrè fún un níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti fi lọ̀ ọ́. Gbólóhùn kan péré ni: "Dókítà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi pe agbẹ̀bí kan wá." Nígbà tí a padà lọ fún èsì àyẹ̀wò, àbúrò ìyá mi ni wọ́n kọ́kọ́ sọ ọ́, kí wọ́n tó gun bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n gbé àpò wọn lé mi lọ́wọ́, wọ́n sì ní kí n lọ dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.