Ta Ló Ń Ṣètò Iná Aago Méje Alẹ́?

Ní nǹkan bí aago méje alẹ́, lọ́jà Wàǹdó níbí ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní ilẹ̀ Benin, ìyá kan tó ń ta ẹja dídì ṣí fìríìjì rẹ̀ díẹ̀, ó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó sì yára pa á dé. Omi pupa ti ń kán sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Láti ìrọ̀lẹ́ ni iná ti lọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, oòrùn mú hanhan débi pé páànù orí ìsọ̀ kò ṣeé fọwọ́ kàn.

Ohun tó ń dùn wá nìyẹn. Kì í ṣe gbogbo òkùnkùn ló jẹ́ ti àìṣètò: wáyà ń já, tiransifọ́mà ń jó. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ oòrùn wà lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣètò. Láti ọdún 2022 ni ibùdó iná oòrùn Illoulofin, lágbègbè Pọbẹ̀, ti ń mú iná wá, tó mẹ́gáwáàtì 25 nígbà tí oòrùn bá kanrí. Inú wa dùn nígbà tí wọ́n ṣí i, inú wa ṣì ń dùn sí i. Bí ìkùukùu bá gba orí pánẹ́ẹ̀lì kọjá, iná náà lè já wálẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Bí ọyẹ́ bá dé, eruku á bò ó. Bó bá sì di aago méje, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́.

Iná tó wà nínú wáyà kò ṣeé kó sí àká bí àgbàdo. Iye tí a ń lò ní ìṣẹ́jú kan la gbọ́dọ̀ pèsè ní ìṣẹ́jú náà gan-an. Ìdí nìyí tí ẹnì kan fi ní láti pinnu láti alẹ́ àná iye ẹ̀rọ tí wọn yóò tan lónìí ní Maria-Gléta, ibùdó iná tó ń lo gáàsì, níbi tí wọ́n ṣí ẹ̀rọ mẹ́gáwáàtì 127 sí lọ́dún 2019. Bí wọ́n bá tan èyí tó pọ̀ jù, gáàsì jó dànù. Bó bá kéré jù, a wà lókùnkùn.

Omi ìsédò Nangbéto ńkọ́, tó ń yí ẹ̀rọ iná lórí odò Mono, tí àwa àti Tógò jọ ń jẹ láti ọdún 1987? Kí omi yẹn sinmi lọ́sàn-án tí oòrùn bá ń ṣiṣẹ́. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí odò bá fà, omi tí a bá tú sílẹ̀ lọ́sàn-án ti bọ́ lọ́wọ́ alẹ́.

A fẹ́ kí ìjọba má fọwọ́ sí ibùdó oòrùn tuntun kankan tí kò bá ní bátìrì tó lè gbé wa láti aago méje dé aago mẹ́wàá. Wọ́n á ní ó wọ́n. Ó wọ́n lóòótọ́. Ẹja tó bàjẹ́ náà lówó lórí, àmọ́ owó yẹn kì í sí nínú ìṣirò ẹnikẹ́ni.

Kí àwọn tó ń ṣètò sì máa wo ojú ọ̀run, kí wọ́n tún ètò náà ṣe ní wákàtí wákàtí bí ìkùukùu bá ṣe ń rìn. Bí iná alẹ́ kò bá ní tó, kí rédíò sọ ọ́ ní Nàgó àti ní Gùn, kí wọ́n dárúkọ àdúgbò, kí wọ́n sọ ìgbà tí iná yóò lọ àti ìgbà tí yóò dé. Bí ìyá ẹlẹ́ja bá ti gbọ́ láago méjìlá ọ̀sán, ì bá ti ra yìnyín sílẹ̀, tàbí kó ta ẹja náà ní owó pọ́ọ́kú kí ilẹ̀ tó ṣú.