Ẹ Má Torí Iṣẹ́ Abẹ Gba Ọmú Lẹ́nu Ọmọ

Bí wọ́n bá fẹ́ yọ apẹ́ńdísì fún ìyá tó ń tọ́ ọmọ oṣù mẹ́ta lọ́wọ́, ohun tí a ṣì máa ń gbọ́ l'Abẹ́òkúta ni pé kò gbọdọ̀ fún ọmọ lọ́mú fún ọjọ́ méjì, kó máa da omi ọyàn rẹ̀ nù, nítorí oògùn akunnilóorun. Ògì tàbí mílíìkì inú agolo á wá dé ẹnu ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà. Àṣẹ yìí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ó yẹ kí gbogbo ilé ìwòsàn tó ń ṣiṣẹ́ abẹ, láti Kútọ̀ dé Láfẹ́nwá, pa á tì.

Inú ẹ̀jẹ̀ ni oògùn oorun ń gbà dé inú ọmú. Nígbà tí ìyá bá fi máa lajú dáadáa, tó mọ ibi tó wà, tó lè di ọmọ rẹ̀ mú, oògùn oorun bíi propofol tàbí ketamine ti lọ sílẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, èyí tó ń bọ́ sínú ọmú kò sì tó nǹkan. Ní 2020, ẹgbẹ́ àwọn dókítà tó ń kunni lóorun nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Association of Anaesthetists, kọ ọ́ sínú ìlànà wọn pé kò sí ìdí láti da ọmú nù. Ṣebí ìyá tí wọ́n fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí fún, ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n ń gbé ọmọ sí i láyà? Kí ló wá dé tí ti alápẹ́ńdísì fi yàtọ̀?

Oògùn apàrora gan-an ló yẹ ká máa ṣọ́. Paracetamol, ibuprofen àti diclofenac dára fún ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú. Tramadol àti codeine ni ká yẹra fún: ara àwọn ìyá kan máa ń tètè sọ wọ́n di oògùn líle, ọmọ á máa sùn àsùnjù, èémí rẹ̀ á sì máa lọ sílẹ̀. FDA, àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà, kìlọ̀ nípa méjèèjì ní 2017. Pethidine tí wọ́n ń gún léraléra náà kò dáa. Ìyókù rẹ̀ máa ń pẹ́ lára ọmọ tuntun.

Nígbà tó bá kù díẹ̀ kí ìyá wọ tíátà, kó fún ọmọ lọ́mú tàbí kó fún omi ọyàn sínú abọ́ mímọ́ tó ní ìdérí. Oúnjẹ ni kó dáwọ́ rẹ̀ dúró ní wákàtí mẹ́fà ṣáájú. Ti omi lásán, wákàtí méjì ti tó. Kí wọ́n fi í ṣe ẹni àkọ́kọ́ láàárọ̀, kí òùngbẹ má baà gbẹ ẹ́ títí di ọ̀sán. Omi ọyàn tó fún sílẹ̀ kò gbọdọ̀ ju wákàtí mẹ́rin lọ lórí tábìlì. Ó lè lo ọjọ́ mẹ́rin nínú fíríìjì, bí iná bá dúró o. Bí kò bá dúró, kúlà tí yìnyín kún inú rẹ̀ á gbé e di ọjọ́ kejì. Ṣíbí tàbí kọ́ọ̀bù ni kí wọ́n fi fún ọmọ mu.

Bí ọmọ kò bá sí nítòsí lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, kí ìyá máa fún ọyàn ní wákàtí mẹ́ta mẹ́ta. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọyàn á le bí òkúta, ibà á dé, wọn á sì máa wá ohun tó fa ibà náà lójú ọgbẹ́. Bí oorun bá ṣì wà lójú rẹ̀, kò gbọdọ̀ sùn ti ọmọ lórí bẹ́ẹ̀dì. Kí ẹnìkan jókòó tì wọ́n.

A ò béèrè ẹ̀rọ olówó ńlá. Kí ìbéèrè kan wà lórí fọ́ọ̀mù tí wọ́n ń kọ kí aláìsàn tó wọ tíátà: "Ṣé ẹ ń fún ọmọ lọ́mú?" Kí bẹ́ǹṣì kan sì wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá tí wọ́n ti ń jí, fún ìyá àgbà tó gbé ọmọ dání.