Ọmọ Lutheran méjì lábẹ́ òrùlé kan, wọn ò mọ ara wọn

Èrò ọkàn mi rèé o. Ọmọ méjì kan háyà yàrá nílé wa ní Odogunyan níbí, n'Ìkòròdú, LASUSTECH, yunifásítì ìpínlẹ̀ Èkó tó wà níbí, ni wọ́n ń lọ. Ọ̀kan wá láti Numan ní Adamawa, èkejì láti Akwa Ibom. Ó lé lóṣù mẹ́fà tí wọ́n ti jọ ń fami nínú kànga kan náà, àfi lálẹ́ ọjọ́ kan tí ọmọ Numan lọ yá ṣájà lọ́wọ́ èkejì, ló bá rí kàlẹ́ńdà tó fi kọ́ ògiri: òdòdó funfun, ọkàn pupa láàrin ẹ̀, àgbélébùú dúdú nínú ọkàn yẹn. Àmì Martin Luther, ẹni tí ìjọ Lutheran ń jẹ́ orúkọ ẹ̀! Ariwo tí wọ́n pa, mo sáré jáde ni.

Ṣọ́ọ̀ṣì wọn kì í kúkú ṣe ọ̀kan. Ti Numan, ará Denmark ló dá a sílẹ̀ ní 1913. Ti ọ̀hún, àwọn ará Ibesikpo ní Akwa Ibom ló ránṣẹ́ pe Lutheran Amẹ́ríkà, Henry Nau sì dé ní 1936. Mi ò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, ọmọ ò sọ fún pásítọ̀ nílé pé Ìkòròdú lòun ń lọ, ká tiẹ̀ ní ó sọ, ta ni pásítọ̀ fẹ́ kọ̀wé sí níbí? Ṣùgbọ́n ó dùn mí gan-an. Oṣù mẹ́fà!

Ṣé dandan ni kí ìjọ di ọ̀kan kí wọ́n tó jọ tọ́jú ọmọ? ALC àti LCA, ìjọ Lutheran méjì l'Amẹ́ríkà, ti jọ ń bójú tó pásítọ̀ àwọn ọmọ yunifásítì tipẹ́, 1988 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá di ìjọ kan. Ẹ wo Àgbádárìgì wa níbí náà, Gollmer tó bá Crowther àti Townsend dé ní 1845, ọmọ Jámánì ni, Basel ní Switzerland ló ti kẹ́kọ̀ọ́, CMS, ẹgbẹ́ míṣọ́n Áńgílíkà àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ló sì rán an wá.

Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún ò ju kí ìjọ Lutheran méjèèjì jọ ní ìwé orúkọ kan lọ, WhatsApp náà tó o, tí ọmọ bá ti rí ilé ìwé wọ, kí pásítọ̀ ẹ̀ fi orúkọ àti àdúgbò ránṣẹ́, kí ẹni tó sún mọ́ ibẹ̀ jù nínú ìjọ èyíkéyìí lọ kí i káàbọ̀. Methodist lèmi, ṣùgbọ́n pálọ̀ mi wà nílẹ̀ fún wọn.

Báyìí, tó bá ti di ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè, àwọn méjèèjì a jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìnkùlé, wọ́n a máa ka Bíbélì ní Gẹ̀ẹ́sì torí ọ̀kan ń sọ Hausa, èkejì ń sọ Ibibio. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọbìnrin kan láti ọ̀nà Imota wá bá wọn, Lutheran lòun náà. Ọdún kejì ẹ̀ rèé níbí.