Ẹ Bo Orúkọ Kí Ẹ Tó Máàkì

Confucius, olùkọ́ àtijọ́ kan ní Ṣáínà, sọ nígbà ayé rẹ̀ pé ẹni tó bá ti lè mú ìdì ẹran gbígbẹ wá, òun ò ní ṣàìkọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́. Kò béèrè ọmọ ta ni. Orí ẹ̀kọ́ ọkùnrin yìí ni àwọn ọba Ṣáínà gbé ìdánwò iṣẹ́ ìjọba kà fún bíi 1,300 ọdún, kí wọ́n tó fòpin sí i ní 1905.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà dí ojú ẹni tó ń máàkì ló wù wá jù, òun la sì fẹ́ fún ìdánwò ìgbaniṣíṣẹ́ tiwa. Láti bíi ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, nígbà ìjọba ìdílé ọba Song, wọ́n ti ń lẹ bébà bo orúkọ ẹni tó ṣèdánwò. Kò tán síbẹ̀ o. Èèyàn ṣáà lè dá ìkọ̀wé ọmọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ mọ̀, ni wọ́n bá yan àwọn akọ̀wé tí yóò ṣàdàkọ gbogbo rẹ̀ látòkè délẹ̀. Nígbà tó fi máa di ayé Ming àti Qing, àwọn ìdílé ọba tó jẹ lẹ́yìn Song, yíǹkì dúdú ni ẹni tó ń ṣèdánwò fi ń kọ tirẹ̀, yíǹkì pupa ni akọ̀wé fi ń dà á kọ, èyí tó pupa yẹn ló sì ń dé ọwọ́ ẹni tó ń máàkì.

Ní Nanjing, yàrá ìdánwò lé ní 20,000. Pákó méjì ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan: lọ́sàn-án, ọ̀kan ni àga, èkejì ni tábìlì, bó bá di alẹ́, wọn a tò wọ́n pọ̀ sùn lé. Ọmọ olówó ò ní pákó tó fẹ̀ ju ti ọmọ àgbẹ̀ lọ.

Ètò náà lábùkù, a ò ní bò ó. Wọn ò gba obìnrin kankan láyè, àwọn kan sì ń fowó ra oyè. Ṣùgbọ́n nígbà tí màgòmágó wọ ìdánwò Beijing ní 1858, ikú ni wọ́n dá fún Bojun, ìjòyè ńlá tó ṣe alága rẹ̀. A ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kú níbí. Ṣùgbọ́n ó dùn wá pé ọmọ tó fi ipò kìíní jáde ń gbé fáìlì kiri, ìbéèrè àkọ́kọ́ tó ń bá pàdé sì ni pé ta ló rán an wá.

Àwọn kan á ní bí a bá bo orúkọ, báwo la ṣe máa pín iṣẹ́ kárí ìpínlẹ̀? Ìjọba Ming náà bá ìṣòro yìí pàdé, torí àwọn ará gúúsù ló ń kó gbogbo ipò. Ní 1425, ìjòyè kan, Yang Shiqi, dá a lábàá pé kí wọ́n bo orúkọ, kí wọ́n sì kọ "gúúsù" tàbí "àríwá" sẹ́yìn ìwé. Bí àríwá ṣe rí ìpín tirẹ̀ nìyẹn, tí ojú ẹni tó ń máàkì ò sì rí ọmọ ẹnikẹ́ni.

Ohun tí à ń béèrè nìyẹn. Kí nọ́ńbà àti ìpínlẹ̀ wà lórí ìwé ìdánwò ìgbaniṣíṣẹ́ tó ń bọ̀. Kí orúkọ ọmọ àti ti bàbá rẹ̀ wà nínú àpòòwé títí wọ́n á fi gbé máàkì síta.